Ilé ọtí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ní Àjàṣẹ́: yìnyín ni kí ẹ wò, ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀

Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní àkọlé. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ló wà níwájú, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ méjì àti àǹkárá tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni àtẹ̀gùn onígi wà tó máa gbé yín dé òkè ilé Àgùdà àtijọ́ kan. Àwọn tó ni ibẹ̀ bẹ̀ wá pé ká má dárúkọ rẹ̀, ká má sì dárúkọ àdúgbò, a sì gbà fún wọn, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe irú ilé ọtí yìí níbi gbogbo nìyẹn: ẹni tó ti débẹ̀ rí ló ń fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà WhatsApp tí wọ́n fi ń gba àyè. Ohun tí a lè sọ ni pé àárín Àjàṣẹ́, Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, ni, pé ó tọ́ kí ẹ lọ, àti pé kì í ṣe nítorí ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ yẹn ló ṣe tọ́. Nítorí yìnyín ni.

Amẹ́ríkà ni àṣà ilé ọtí ìkọ̀kọ̀ yìí ti wá. Láti ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1920 títí di ọjọ́ 5 oṣù kejìlá ọdún 1933, òfin ibẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe ọtí tàbí kó tà á, ni ilé ọtí bá di ohun tí wọ́n ń gba ẹ̀yìnkùlé wọ̀. Nígbà tí òfin náà kúrò, ìdí tí wọ́n fi ń fara pamọ́ bá a lọ. Ẹni tó tún jí i dìde ni Sasha Petraske, tó ṣí Milk & Honey sí àdúgbò Lower East Side ní New York lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1999. Kò gbé àkọlé síta, ẹni tó bá fẹ́ wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pè, ariwo ò sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló jẹ́ kí àwọn agbọ́tí káàkiri ayé máa wárí fún un. Ife ìwọ̀n ni, àti ọsàn tí wọ́n fún lọ́jọ́ náà gan-an, àti yìnyín ńlá tí wọ́n fi ọwọ́ gé. Ní 2007, PDT tún ṣí ní New York kan náà, lẹ́yìn ilé kan tí wọ́n ti ń ta hot dog, inú àpótí tẹlifóònù lẹ máa gbà wọlé. Láti ìgbà náà, ilẹ̀kùn ni gbogbo ìlú ń kọ́. Ẹ ó rí pẹpẹ ìwé tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn, ẹ ó rí fìríìjì tí wọ́n ń gba inú rẹ̀ wọlé. Tí ẹ bá wọlé tán, omi ọsàn inú ìgò ni wọ́n máa bù fún yín, pẹ̀lú yìnyín tó ti ń yọ́ láti ìrọ̀lẹ́.

Ó sì dùn wá pé àwòrán àwọn ọkùnrin New York onífìlà ló kún ògiri ilé ọtí yìí, nítorí Àjàṣẹ́ kò nílò kó yá ìtàn ìfarapamọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bonou Kiti Sodabi, ọmọ Dahomey (Benin òde òní) tó bá Faransé lọ sí Ogun Àgbáyé Kìíní, kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ọtí líle lọ́hùn-ún, ó sì padà wálé wá fi ẹmu ọ̀pẹ ṣe é. Orúkọ rẹ̀ ni ọtí náà ń jẹ́ títí dòní. Ìjọba amúnisìn Faransé fòfin de sódábì, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fòfin de ògógóró ní ìhà kejì ààlà. Ìgò tó wà lórí káńtà níbẹ̀ ti sá fún ọlọ́pàá rí ní ilẹ̀ yìí gan-an. Ìtàn yẹn ló yẹ kó wà lára ògiri. Ìwé tí wọ́n kọ orúkọ ọtí sí náà, Faransé ni láti òkè dé ìsàlẹ̀. Agbọ́tí tó jẹ́ pé Yorùbá ló fi kí yín, tó tún fi Gùn kí ẹni tó jókòó tì yín, kò yẹ kó máa na ìwé tí kò ní ọ̀rọ̀ kan nínú èdè méjèèjì sí yín.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá síbi yìnyín.

Ó mọ́ gaara débi pé ẹ lè ka orúkọ ọtí láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ olówó gọbọi kan kọ́ ló ń ṣe é. Omi tí a bá dà sínú abọ́ tí a gbé sínú fírísà máa ń dì láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ àti ìdọ̀tí tó wà nínú omi á há sí àárín, ìyẹn ló ń sọ ọ́ di funfun. Bí òtútù bá gba ojú kan ṣoṣo wọlé, yìnyín á máa ti afẹ́fẹ́ àti ìdọ̀tí síwájú bó ṣe ń dì. Camper English, ará San Francisco, ló ṣàlàyé ọ̀nà yìí fún aráyé ní 2009, ó sì rọrùn láti ṣe nílé. Ẹ wá kúlà kékeré tó lè wọ inú fírísà yín, bíi lítà 5 tàbí 6. Ẹ yọ ìdérí rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ bu omi tí ẹ ti sẹ́ dáadáa sí i, kó ku ìka méjì kó kún, kí ẹ wá gbé e sínú fírísà ní ìhòòhò orí bẹ́ẹ̀. Ara kúlà kò ní jẹ́ kí òtútù gba ẹ̀gbẹ́ tàbí ìsàlẹ̀ wọlé, òkè nìkan ló máa ti máa dì lọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 18 sí 24, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ti dì, omi á ṣì wà nísàlẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ da omi tó kù nù. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ títí tó fi dì tán, ìsàlẹ̀ á funfun, yìnyín tó ń wú á sì lè la kúlà yín.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù lọ lọ́dọ̀ wa. Bí yìnyín bá yọ́ díẹ̀ tó tún padà dì, ìlà funfun á wà lára rẹ̀, ibi ìlà yẹn ló sì ti máa là bí ọtí bá kàn án. Ní ilé ọtí yìí, òru ni wọ́n ń dì í, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, wọn kì í sì í ṣí fírísà yẹn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tí kò ní jẹnẹrétọ̀ lè kó ìgò omi tó ti dì yí kúlà náà ká nínú fírísà, òtútù á pẹ́ díẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀.

Gígé rẹ̀ tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní fírísà máa ń funfun lójú, bí ẹ bá fi ọ̀bẹ kàn án báyìí, ńṣe ló máa fọ́ yángá. Ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 20, títí ojú rẹ̀ á fi máa dán. Ẹ fi ọ̀bẹ eléyín tí wọ́n fi ń gé búrẹ́dì fa ìlà wọ̀ ọ́, kó jìn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ wá fi igi kan ẹ̀yìn ọ̀bẹ náà jẹ́jẹ́. Á là geere lójú ìlà. Agbọ́tí ibẹ̀ ń gé e ní sẹ̀ǹtímítà 5 níbùú lóròó, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án kó tó dà ọtí lé e lórí: bí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣì tutù jù, ọtí á mú un là, bí ó bá ń yọ̀, ó ti tó. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá ni, kò sì fò ó fún ife kan ṣoṣo.

Kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún? Omi ni. Kọkitéèlì, ìyẹn ọtí àpòpọ̀, kò lè dáa láìsí omi tó yọ́ sínú rẹ̀, àmọ́ omi yẹn gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n. Bí ẹ bá po ọtí pẹ̀lú yìnyín tí kò tíì ní omi lára fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú àáyá, omi tó máa wọ̀ ọ́ á tó ìdá mẹ́rin tàbí ìdá márùn-ún ọtí náà. Yìnyín inú ọ̀rá tí wọ́n fi òòlù fọ́, tó ti wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì láti aago 6, ti ru omi sára kó tó débẹ̀; kí ọtí tó tutù, ó ti di omi lásán. Kí ẹ sì má rò pé ọtí á pa kòkòrò tó bá wà nínú yìnyín. Kò lè pa á. Omi tí ẹ kò ní mu lásán, ẹ má ṣe dì í.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń pò, sódábì olóyin ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà po wisikí kíkan àtijọ́ ni wọ́n gbé e gbà, líle, kíkan àti dídùn, ìwọ̀n rẹ̀ sì nìyí: sódábì funfun 50 mílílítà, omi ọsàn wẹ́wẹ́ 25 ml, omi oyin 20 ml, funfun ẹyin 15 ml. Omi oyin ni ìwọ̀n oyin méjì tí wọ́n fi ìwọ̀n omi gbígbóná kan yọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀ nílé: wọ́n á da oyin láti inú ìgò tààrà sínú ọtí, bí yìnyín bá ti kàn án á dì, á jókòó sísàlẹ̀ ife, ẹ ó mu kíkan láti òkè, ẹ ó wá bá dídùn ní ìparí. Wọ́n á kọ́kọ́ mi gbogbo rẹ̀ láìsí yìnyín fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15 kí ẹyin lè hó. Ní àkókò yìí kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di ṣéékà, agolo méjì tí wọ́n fi ń mi ọtí, mú, nítorí òtútù ló ń fa agolo méjèèjì mọ́ra. Nígbà tí kò tíì sí yìnyín nínú rẹ̀, ìdérí lè fò kúrò, ẹyin á sì wà lára ògiri. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó yìnyín sí i, wọ́n á tún un mì fún ìṣẹ́jú àáyá 12, wọ́n á fi asẹ́ kékeré sẹ́ ẹ sínú ife tó ti tutù. Ìfófòó orí rẹ̀ máa ń nípọn tó ìka kan, kì í sì í tètè wálẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹyin tútù lè sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ kúrò, adùn rẹ̀ ò ní dín, ìrísí rẹ̀ nìkan ló máa yí padà. Aboyún àti ẹni tí ara rẹ̀ ò le kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹyin tútù rárá, aboyún ò sì gbọ́dọ̀ mu ọtí.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń fún ọsàn, lójú káńtà, wọn kì í sì í gbé èyí tó bá ṣẹ́kù sùn. Bó ṣe yẹ nìyẹn. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó bá ti di ọjọ́ kejì máa ń korò, òórùn tútù rẹ̀ á sì ti lọ. Kí ẹ tó gé e, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí i lórí tábìlì kó rọ̀, ẹ má sì fún un títí èèpo á fi fọ́, torí èèpo ló ń tu ìkorò sínú rẹ̀. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí ọsàn bá wọ́n, tó tún gbẹ, ọ̀pọ̀ ilé ọtí ló ń lú u pẹ̀lú ti inú ìgò. Àwọn yìí kàn ń yọ ohun mímu méjì tàbí mẹ́ta kúrò nínú ìwé wọn ni. A fọwọ́ sí i.

Sódábì fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó le jù níbẹ̀. Ti òní kì í bá ti àná dọ́gba: ẹmu yàtọ̀, iná ìdáná yàtọ̀, ẹni tó sè é sì lè ti kánjú. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń rà á, ní abúlé kan ní ọ̀nà Àjàrá, ohun tí wọ́n sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ ni pé kó máa da èyí tó kọ́kọ́ ń kán nù. Àkọ́kán yẹn máa ń rùn bí ohun tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Èyí tó kẹ́yìn náà máa ń rùn kíkan, bí aṣọ tútù tí kò rí oòrùn. Àárín ni ọtí. Ẹ lè dán an wò fúnra yín: ẹ kán díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ọwọ́ kejì ra á, ẹ jẹ́ kí agbára ọtí fò lọ, kí ẹ wá gbóòórùn ohun tó kù. Bó bá rántí ẹmu àti èso, ó dáa.

Wọ́n ní igi ìwọ̀n ọtí níbẹ̀, èyí tó máa ń léfòó nínú gíláàsì gígùn, àmọ́ kíkà rẹ̀ gba àkíyèsí. Igi tí wọ́n kọ 20 °C sí lára, ọtí tó wà ní 20 °C nìkan ló ń sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, ọtí tó bá wà lórí pẹpẹ máa ń tó 30 °C, igi náà á sì bù kún un: bó bá sọ pé 50 nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 46 ni agbára rẹ̀ gan-an. Ẹ gbé ọtí sínú omi tútù títí tẹmọ́mítà á fi sọ 20 kí ẹ tó kà á. Bí egbò tàbí ṣúgà bá wà nínú rẹ̀, ẹ má lo igi yẹn rárá, irọ́ ló máa pa. Ilé ọtí yìí ń mú gbogbo sódábì wọn wá sí 45: lítà kan tó jẹ́ 50 ní òótọ́ ń gba omi tó lé díẹ̀ ní 110 ml. Ìdí nìyẹn tí ife tòní fi ń bá tàná mu.

Ohun kan wà tí igi yẹn ò lè sọ, iná náà ò sì lè sọ ọ́. Àwọn kan máa ń ṣáná sí sódábì, bí iná bá jó búlúù wọ́n á ní ó mọ́. Mẹ́tánọ́ọ̀lù (methanol), irú ọtí olóró tó ń fọ́ni lójú, tó ń pani, náà ń jó búlúù. Iná kàn ń sọ pé ọtí náà le ni. Ààbò tó wà ni kí ẹ mọ ẹni tó sè é, kí ẹ má sì ra ọtí líle tí wọ́n rọ sínú ìgò àlòkù létí ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tí kò lè sọ ibi tó ti rà á.

Old Fashioned wọn dára, owó rẹ̀ ló ga. Ohun tí ìwé ìròyìn kan ní ìlú Hudson, ní ìpínlẹ̀ New York, pè ní kọkitéèlì ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1806 náà ni, ọtí líle, ṣúgà, omi àti bítà, kò sí ohun tí wọ́n fi kún un. Tiwọn jẹ́ bourbon (wisikí Amẹ́ríkà) 60 ml, omi ṣúgà tó ki 5 ml, bítà Angostura ìgbọ̀n méjì. Wọ́n ń pò ó lórí yìnyín kéékèèké, wọ́n á sẹ́ ẹ sórí yìnyín ńlá kan, wọ́n á wá fún èèpo ọsàn lé e lórí. Ẹ kíyèsí bí agbọ́tí ṣe ń bó èèpo yẹn: ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sí funfun kankan nínú rẹ̀, ó kọ ojú rẹ̀ sí ọtí, ó ṣẹ́ ẹ, òróró tó fò jáde á sì tàn lórí ọtí. Èèpo ọsàn tiwa tó jẹ́ àwọ̀ ewé ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún èyí, òórùn rẹ̀ tilẹ̀ mú ju ti ọsàn pupa ilẹ̀ òkèèrè lọ. Ẹ béèrè fún sódábì dípò bourbon, wọ́n á ṣe é, àmọ́ a ò gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Sódábì tí kò wọ inú àgbá igi rí ò ní ohun tó máa fi dá bítà lóhùn. Ọsàn ló bá a lọ.

Daiquiri wọn, rọ́ọ̀mù 60, ọsàn wẹ́wẹ́ 25, omi ṣúgà 20, ó tọ́, ó tutù, ó parí níbẹ̀.

Negroni ni kí ẹ fò. Jíìnì 30 ml, Campari (ọtí pupa kíkorò) 30, vermouth pupa 30, kò sí ẹni tí kò mọ ìwọ̀n yẹn, wọ́n sì wọ̀n ọ́n dáadáa. Vermouth ló ti bàjẹ́. Kì í ṣe ọtí líle. Wáìnì ni, tí wọ́n fi ewé àti egbò sí, agbára rẹ̀ kì í sábà ju 15 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí ẹ bá ti ṣí i, bí wáìnì ló ṣe máa ń kú. Ìgò tiwọn wà lórí pẹpẹ lábẹ́ gílóòbù, nínú ooru Àjàṣẹ́, pẹ̀lú àwọn ọtí líle tí kò ní ohun tí ooru máa ṣe wọ́n. Òórùn ọtí kíkan àti ti èso gbígbẹ tó ti pẹ́ ti wọ̀ ọ́, èyí sì bo jíìnì mọ́lẹ̀. Bó ti wù kí wọ́n wọ̀n ọ́n tó, a kì í se ẹ̀bọ̀lọ̀ kó má rùn ìgbẹ́. Ìgò kan náà ló ń wọ inú Manhattan, kọkitéèlì wọn mìíràn, ẹ fò ó pẹ̀lú. Àtúnṣe rẹ̀ ò ná wọn ní nǹkan: kí wọ́n ra ìgò kékeré, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣí i sí ọrùn rẹ̀, kí wọ́n gbé e sínú fìríìjì, kí wọ́n sì lò ó tán láàárín oṣù kan. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ilé ìdáná ló kàn. Ilé tó lè fi odindi òru ṣọ́ yìnyín, ó yẹ kó lè wá àyè fún ìgò kan nínú fìríìjì.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì le ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní ohun mímu ọ̀pẹ̀yìnbó kan tí wọ́n kọ pé kò lọ́tí, ó sì dùn púpọ̀. Ọ̀pẹ̀yìnbó Àládà ni, èyí tí wọ́n ń pè ní pain de sucre, tí èèpo rẹ̀ máa ń jẹ́ àwọ̀ ewé síbẹ̀ nígbà tó bá ti pọ́n, tó gba ìwé ẹ̀rí orúkọ ilẹ̀ ìbí rẹ̀ lọ́dọ̀ OAPI, àjọ ẹ̀tọ́ ohun-ìní ọpọlọ ní Áfíríkà, ní 2021. Kì í kan bíi ti àwọn yòókù, ọsàn gbọ́dọ̀ bá a wọ̀ ọ́ kó tó lè dúró: omi ọ̀pẹ̀yìnbó 90 ml, ọsàn wẹ́wẹ́ 20, omi ata ilẹ̀ 10, kò gba ṣúgà. Ata ilẹ̀ tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì fún gbọ́dọ̀ jókòó fún wákàtí kan kí ògì rẹ̀ lè rọ̀ sísàlẹ̀, òkè rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rọ. Wọ́n mọ gbogbo èyí. Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń gbọn Angostura lé e lórí? Láti ọdún 1824 tí Johann Siegert ti ṣe é ní Venezuela ló ti jẹ́ ọtí, agbára rẹ̀ jẹ́ 44.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ó le ju ọ̀pọ̀ wisikí lọ. Lóòótọ́, ìkán díẹ̀ ni, kò lè pa ẹnikẹ́ni bí ọtí. Ṣùgbọ́n ní Àjàṣẹ́, níbi tí ìdajì àwọn tó jókòó sí tábìlì kan lè jẹ́ Mùsùlùmí, ẹni tó ní òun ò fẹ́ ọtí ò gbà pé kí wọ́n kán díẹ̀ sí i láìsọ fún un. Kí wọ́n yọ ọ́, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Títí wọ́n á fi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu pé ẹ ò fẹ́ bítà. Wọ́n á gbọ́, wọn ò sì ní bínú.

Ìwà wọn dára gan-an ni. Omi tútù ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé síwájú yín, wọ́n á máa bù ú kún un láìjẹ́ pé ẹ pè wọ́n. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí ẹ fẹ́, wọ́n á bi yín bóyá kíkan lẹ fẹ́ràn tàbí kíkorò, àti bóyá ẹ ti jẹun. Ìbéèrè kejì yẹn, kò pọ̀ ní ilé ọtí tó ń bi í. Àgbàlagbà tó bá wọlé, wọ́n á dìde fún un. Ògiri ilé náà nípọn, orin wọn ò sì pariwo, ẹ lè sọ̀rọ̀ láìlọgun. Àtẹ̀gùn ló le: ó ga ṣánṣán, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ọwọ́ ìdìmú wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ nínú àgbàlá. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó rò ó kó tó gòkè, kí gbogbo wa sì rò ó kí a tó béèrè ife kẹta.

Sódábì olóyin jẹ́ 3,500 sẹ́fà, Old Fashioned 5,000, ti ọ̀pẹ̀yìnbó 2,000. Ẹni tó ń fi owó bíà ní buvette, ilé ọtí kékeré, wọ̀n ọ́n á ní ó pọ̀. Lójú tiwa, 3,500 yẹn tọ́, nítorí oyin, ọsàn àti iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú rẹ̀. 5,000 ti Old Fashioned, owó ìgò tó ti òkèèrè wá lẹ ń san.

Wọn kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé. Aago 7 alẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta sì máa ń kún, ẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp kó tó di aago 4. Ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n ń di àyè mú, lẹ́yìn náà ẹlòmíràn á jókòó síbẹ̀. Ẹ bá zémìjàn (ọ̀kadà) lọ, ẹ bá zémìjàn bọ̀, ẹ fi ọkọ̀ àti alùpùpù yín sílẹ̀ nílé. Ìjókòó mẹ́fà tó wà níwájú káńtà ni kí ẹ béèrè, ẹ fi tábìlì sílẹ̀: ibẹ̀ lẹ ti lè rí yìnyín nígbà tí wọ́n bá ń gé e, ẹ sì lè sọ fún agbọ́tí bí ẹ ṣe fẹ́ kó kan tó kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì í.